Ẹrú Kì í Ṣe Ẹ̀jẹ̀

Èébú kan wà tí kò yẹ kí a máa gbọ́ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ rárá. Èyí ni “ọmọ ẹrú”. Bí ọmọ méjì bá ń jà, tí ọ̀kan kò sì rí ọ̀rọ̀ gidi sọ mọ́, èébú yìí ni yóò nawọ́ gán, bí ẹni pé Ọlọ́run dá ìran kan sọ́tọ̀ fún ẹrú. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbà pé aláwọ̀ dúdú nìkan ni ayé mọ̀ ní ẹrú láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ wá. Irọ́ gbáà ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá yóò jẹ́rìí sí i.

“Slave” ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹrú. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ náà, àwọn Faransé sì gbà á láti inú èdè Látìn. Ohun tí “sclavus” kọ́kọ́ túmọ̀ sí nínú Látìn kì í ṣe ẹrú, bí kò ṣe ọmọ ìran Slav. Ta ni àwọn wọ̀nyí? Àwọn ni baba ńlá àwọn ará Pólándì, Rọ́ṣíà àti Bùlgáríà. Aláwọ̀ funfun ni wọ́n. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ogun kó wọn lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn oníṣòwò Venice rà wọ́n, wọ́n sì tà wọ́n. A kó òmíràn nínú wọn dé Córdoba ní ilẹ̀ Spéènì. Wọ́n pọ̀ lọ́jà ẹrú tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí orúkọ ìran wọn fi di orúkọ ẹrú.

Èyí tí ó dunni jù ni pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé láti inú “slovo”, èyí tí í ṣe “ọ̀rọ̀” ní èdè wọn, ni orúkọ Slav ti jáde: àwọn tí wọ́n gbọ́ èdè ara wọn. Orúkọ iyì ni. Àwọn tí ó mú wọn ni ó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n.

Ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ wọn ni ó fa èyí bí? Rárá o. Ogun ni, ojúkòkòrò sì ni. Ohun kan náà ni ó bá wa nílé. Ní 1821, ogun kó ọmọdékùnrin kan ní Òṣoògùn. Aláwọ̀ dúdú bí tirẹ̀ ni ó mú un, tí ó sì fi í pààrọ̀ ẹṣin. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Samuel Àjàyí Crowther ni ọmọ náà. Ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Bí ẹnìkan bá wí pé, “Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni mo sọ, ẹrú ni baba ńlá rẹ̀,” kí a bi í pé: ìtìjú ta ni? Ṣé ti ẹni tí a jí gbé ni, tàbí ti ẹni tí ó jí ènìyàn gbé? Ẹ má ṣe gbàgbé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ni ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.