Ẹni tó ń kọ́ olùkọ́, ta ló kọ́ ọ?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ẹ má jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ lójú yín. Ọ̀rọ̀ yín ni. Owó yín wà nínú rẹ̀, ọmọ yín wà nínú rẹ̀, oko yín náà wà nínú rẹ̀.

Ẹ rántí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ wọ kíláàsì ìmọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà. Ẹni tó dúró níwájú yín kò dédé dúró síbẹ̀. Kí wọ́n tó fi ẹfun ìkọ̀wé lé e lọ́wọ́, wọ́n ti kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ́ àgbà. Wọ́n ní: má ṣe bá àgbà sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Wọ́n ní: bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tí wọ́n mọ̀, kí o tó mú wọn dé ibi tí wọn kò mọ̀. Wọ́n ní: bí o bá ti kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ kan, dúró, bi wọ́n léèrè, wò ó bóyá ó ti yé wọn. Bí kò bá yé wọn, má ṣe bínú sí wọn. Ìwọ ni kí o wá ọ̀nà mìíràn.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo ti jáde. Níbẹ̀, wọ́n mú wa lọ síwájú àwọn ọmọ kéékèèké. Olùkọ́ àgbà jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó ń wò wá, ó ń kọ àṣìṣe wa sílẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ọmọ ń wò mí bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó ń kọjá lọ. Olùkọ́ àgbà ní, "Ohun tí o sọ dára. Ṣùgbọ́n ta ló yé?" Ojú tì mí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ mí di olùkọ́.

Àkàbà tí òkè rẹ̀ kò ní ẹsẹ̀

Ẹ jẹ́ ká gun àkàbà ilé-ìwé láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹni tí yóò kọ́ ọmọ kékeré, gbogbo wa la gbà pé ó yẹ kó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn àgbà láàárín yín rántí ayé ìjọba Kérékou, ní àwọn ọdún lẹ́yìn 1975. Olùkọ́ kò tó nígbà náà. Wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ sí àwọn abúlé láti lọ kọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n ní ìfẹ́, wọ́n ní agbára. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú rí i pé ìfẹ́ nìkan kì í kọ́ ọmọ ní ìwé. Iṣẹ́ ni ìkọ́ni, ó ní bí a ṣe ń ṣe é.

Ẹni tí yóò kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ńkọ́? Ilé-ẹ̀kọ́ wà fún un ní Àjàṣẹ́ àti ní Natitingou.

Ó wá ku òkè àkàbà. Ní 1970 ni ìjọba dá yunifásítì sílẹ̀ ní Abomey-Calavi, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey. Ní 1975, ó di Yunifásítì Orílẹ̀-èdè Benin. Ní 2001, orúkọ rẹ̀ di Yunifásítì Abomey-Calavi, wọ́n sì dá ti Parakou sílẹ̀. Ẹni tí yóò kọ́ni níbẹ̀, oyè dókítà ni wọ́n ń bi í. Kì í ṣe dókítà tó ń fún wa ní oògùn. Dókítà ti ìwé ni. Oyè yẹn ń jẹ́rìí pé ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ohun kan títí ó fi mọ̀ ọ́n dáadáa. A kí i. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n oyè yẹn kò jẹ́rìí pé ó lè mú kí ohun náà yé ẹlòmíràn.

Ẹni tó ní irúgbìn kún inú abà, kò túmọ̀ sí pé ó mọ̀ ọ́n gbìn. Irúgbìn wà nínú abà ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n orí àwọn ọmọ wa ni oko tó yẹ kó gbìn ín sí.

Ẹ wá wo bí ó ti rí. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọdún 6, wọ́n kọ́ ọ. Ẹni tó ń kọ́ bàbá ẹni ọdún 60 ní kíláàsì alẹ́, wọ́n kọ́ ọ. Ẹni tó ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, dókítà, adájọ́ àti oníṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́la, òun ni a ní kó lọ máa gbìyànjú fúnra rẹ̀. Bóyá wọn a ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì mẹ́ta fún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ló kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ní ọjọ́ méjì?

Ta ló ń san gbèsè rẹ̀?

Ẹ bi àwọn ọmọ yín tó wà ní Calavi léèrè bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ. Wọn á sọ fún yín nípa gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ń pè ní anfí. Èrò kún inú rẹ̀, àwọn mìíràn dúró sẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ kan á wọlé, á ṣí ìwé rẹ̀, á máa kà á sókè, àwọn ọmọ á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wákàtí bá pé, á pa ìwé rẹ̀ dé, á jáde. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ gbogbo wọn. Àwọn olùkọ́ rere wà níbẹ̀, àwọn ọmọ sì mọ̀ wọ́n, wọ́n ń sáré lọ sọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn, fúnra wọn ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ náà. Ṣé orí ire nìkan ni ọmọ wa yóò fi pàdé olùkọ́ rere?

Nígbà tí ìdánwò bá dé, ọ̀pọ̀ ọmọ á ṣubú. Kí ni wọ́n máa ń sọ? Wọ́n ní, "Ọmọ yìí kò mọ̀wé." Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé, "Ṣé wọ́n kọ́ ọ kó lè yé e?" Ọmọ á tún ọdún náà ṣe. Ìyá rẹ̀ á tún ta epo. Bàbá rẹ̀ á tún ta àgbàdo nígbà tí owó àgbàdo kò tíì gbé e, nítorí owó ilé ọmọ kò lè dúró. Ẹ̀yin lẹ ń san gbèsè ẹ̀kọ́ tí kò yé ọmọ.

Gbèsè kejì wà nínú oko. Ní 2013, ìjọba dá yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Kétu níhìn-ín. Ní 2016, ó di Yunifásítì Orílẹ̀-èdè ti Iṣẹ́ Àgbẹ̀. Inú wa dùn sí i. Àwọn ọmọ tó bá jáde nírú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wá gbà wá ní ìmọ̀ràn lórí àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà àti ẹ̀pà wa. Bí wọ́n bá ṣe kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe kọ́ wa.

Mo wà ní ìpàdé àwọn àgbẹ̀ kan lọ́jọ́ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga wá síbẹ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ń kà. Ó ní kí a da ajílẹ̀ òyìnbó kílò 150 sí hẹ́kítà kan. Àwọn àgbẹ̀ mi orí. Ó rò pé ó ti yé wọn. Ìyá kan sún mọ́ mi, ó ní, "Ọmọ mi, kí ni hẹ́kítà?" Gbogbo wọn ló mọ kanti. Kanti ni wọ́n fi ń wọn oko. Kanti 25 ló wà nínú hẹ́kítà kan. Nítorí náà kílò 150 fún hẹ́kítà kan jẹ́ kílò 6 fún kanti kan. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà lè ṣe ìṣirò yẹn kí ojú tó ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ pé kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀. Níbi tó ti kẹ́kọ̀ọ́, kíkà ni wọ́n ń kà fún un. Òun náà wá kà fún wa. Mi ò dá a lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe ṣe fún un ló ṣe.

Kí ló dé tí ó fi rí bẹ́ẹ̀?

Àwọn olùkọ́ yunifásítì kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Ohun tí ọjà bá ń rà ni àgbẹ̀ ń gbìn. Ìgbìmọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní CAMES. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1968, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Ouagadougou, ní Burkina Faso. Òun ló ń yẹ iṣẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì wò ní Benin, ní Tógò, ní Senegal àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, kí wọ́n tó lè gòkè láti oyè kan dé òmíràn. Ohun tó wúwo jù lórí ìwọ̀n náà ni ìwé ìwádìí tí olùkọ́ bá tẹ̀ jáde. Ní ẹ̀kọ́ òfin, ọrọ̀ ajé àti ìṣègùn, ìdíje kan wà níbi tí olùdíje ti ń ṣe ẹ̀kọ́ níwájú àwọn ọ̀gá. Èyí dára. Ṣùgbọ́n sísọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá tó ti mọ ohun náà tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú kíkọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé dé.

Olùkọ́ tó bá lo òru rẹ̀ láti kọ ìwé ìwádìí, á gòkè. Olùkọ́ tó bá lo òru rẹ̀ láti wá ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ ọ̀la yóò fi yé àwọn ọmọ, ta ló rí i? Ta ló kà á sí?

Ohun tí wọ́n máa ń sọ

Bí a bá sọ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan á dìde.

Wọ́n á ní: "Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n. Ta ni yóò kọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n?" A dá wọn lóhùn: ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ ti di àgbà kí ẹ tó jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́. Ojú kò tì yín. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ohun tí kò ti àgbà àgbẹ̀ lójú, kò yẹ kó ti ọ̀jọ̀gbọ́n lójú.

Wọ́n á ní: "Èrò ló pọ̀ jù. Ilé kò tó, àga kò tó, olùkọ́ kò tó." Òtítọ́ ni. Kí ìjọba kọ́ ilé, kó gba olùkọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí èrò bá pọ̀ gan-an ni a nílò ẹni tó mọ iṣẹ́. Ìyàwó tó ń dáná fún ènìyàn mẹ́ta lè ṣe é bó ti wù ú. Ẹni tó fẹ́ dáná fún gbogbo ìlú gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń ṣe é. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ lè ní kí àwọn ọmọ yíjú sí ara wọn ní méjì méjì, kí wọ́n jíròrò ìbéèrè kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó tó tẹ̀ síwájú. Èyí kò ná an ní sẹ́fà kankan.

Wọ́n á ní: "Yunifásítì kì í ṣe ilé-ìwé ọmọdé. Kí ọmọ lọ wá a fúnra rẹ̀." Ẹ̀yin kì í ṣe ọmọdé. Síbẹ̀, bí olùkọ́ yín bá kàwé fún yín tán tó sì jáde, ṣé ẹ ó lè ka ìwé yìí lónìí?

Àwọn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1997, ìgbìmọ̀ kan tí Ron Dearing ṣe olórí rẹ̀ sọ fún ìjọba pé kí olùkọ́ tuntun ní yunifásítì máa kọ́ iṣẹ́ ìkọ́ni, kí a sì dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó o. Lónìí, ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀ ló ń fi olùkọ́ tuntun sí ẹ̀kọ́ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni. Ní Ethiopia, ní 2003, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọdún kan fún àwọn tó ń kọ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n ń ṣe é bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Nítòsí wa níbí, Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Áfíríkà tó para pọ̀ ní 2018 ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní PedaL, kí àwọn olùkọ́ yunifásítì lè kọ́ ọ̀nà tuntun láti kọ́ni. Bí Ìbàdàn bá lè ṣe é, kí ló dé tí Calavi, Parakou àti Kétu kò fi ní ṣe é?

Ohun tí a fẹ́

Ohun mẹ́rin ni a fẹ́.

Èkíní: kí olùkọ́ tuntun ní yunifásítì kọ́ iṣẹ́ ìkọ́ni ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Kó jẹ́ dandan. Kí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà máa padà kọ́ ọ láti ìgbà dé ìgbà.

Èkejì: kí olùkọ́ kan máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì ẹnìkejì rẹ̀, kí wọ́n máa tọ́ ara wọn sọ́nà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀kẹta: kí wọ́n máa bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè bóyá ẹ̀kọ́ yé wọn, kí wọ́n sì fi ìkọ́ni rere sórí ìwọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń fún olùkọ́ ní oyè.

Ẹ̀kẹrin: ní Kétu, kí wọ́n pe àgbẹ̀ wọ inú kíláàsì. Kí ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún àgbẹ̀ ní èdè wa. Bí kò bá yé àgbẹ̀, kò tíì mọ̀ ọ́n tó.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ lè ṣe? Nígbà tí ọmọ yín bá ti Calavi dé, ẹ má kàn bi í pé, "Ṣé o yege?" Ẹ bi í pé, "Kí ni wọ́n kọ́ ọ? Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi." Nígbà tí aṣojú yín bá wá bẹ̀ yín fún ìbò, ẹ bi í léèrè nípa ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí oníṣẹ́ àgbẹ̀ bá wá, tó ń ka hẹ́kítà fún yín, ẹ má mi orí. Ẹ na ọwọ́ sókè, kí ẹ ní, "Kò yé wa. Tún un ṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe àfojúdi. Ẹ ti lò ó ní kíláàsì alẹ́, olùkọ́ yín sì tún un ṣe títí ó fi yé yín.