Ẹni tí Yóò Kà, Kí Ó Mọ Ohun tí Ó Ń Kà



Nígbà tí a bá rí i nínú ìwé pé ìdajì uranium 238 yóò yí padà di ohun mìíràn ní nǹkan bí 4,470,000,000 ọdún, àwọn kan nínú wa a máa rẹ́rìn-ín pé, "Ta ni ó dúró tì í?" Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ohun tí ó burú ni kí olùkọ́ kọ iye náà sára pátákó láì mọ bí a ti ṣe rí i.

Kò sí ẹni tí ó dúró. Kíkà ni wọ́n kà á. Uranium a máa ta ẹyọ wẹ́wẹ́ tí à ń pè ní alpha jáde. Ní ọdún 1910, ní ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Rutherford àti Geiger tẹ́ uranium fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí iwájú àwo tí a fi zinc sulphide kùn. Nínú òkùnkùn, pẹ̀lú awò tí í mú ohun kékeré tóbi, wọ́n ka ìmọ́lẹ̀ tí ń tàn bí tanná-tanná nígbà tí alpha kọ̀ọ̀kan bá kan àwo náà. Èéṣe tí ó fi ní láti fẹ́lẹ́? Nítorí pé tákàdá lásán lè dí alpha lọ́nà. Bí uranium bá nípọn, àwọn ti inú kò ní lè jáde, kíkà náà yóò sì dín.

Wọ́n rí i pé gíráàmù kan ń ta ohun tí ó lé ní 23,000 jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe 238 nìkan ni ó wà níbẹ̀: 234 tí í ṣe àtọmọdọ́mọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lónìí a mọ̀ pé gíráàmù kan 238 nìkan ń ta bí 12,400. Ẹni tí ó mọ iye àgbàdo tí ó wà nínú àká, tí ó sì mọ iye tí ń jáde lójoojúmọ́, kò ní láti dúró kí àká tó dínkù dé ìdajì kí ó tó mọ ọjọ́ rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè wí pé kí ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré fẹ́ fi uranium ṣe. Èmi pẹ̀lú kò ní kí a kọ́ ọ ní uranium. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ka ẹyìn lẹ́ẹ̀mejì, tí iye rẹ̀ kò dọ́gba, tí ó sì wá ìdí rẹ̀, ó ti fi ẹsẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a na ọmọ tí ó bi wá pé, "Báwo ni ẹ ṣe mọ̀?" Ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀.