Ìyẹ́ Adìyẹ Kì Í Ṣe Adelé Búrọ́ọ̀ṣì

Gbólóhùn kan wà tí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà wa fẹ́ràn láti máa sọ, tí ó sì ti ń bí mi nínú fún ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n á ní, "Bí ẹ kò bá rí búrọ́ọ̀ṣì, ẹ fi ìyẹ́ adìyẹ ṣe é." Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè rò pé àánú ni ó wà nínú rẹ̀, pé olùkọ́ náà ń ro ti ọmọ tálákà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. "Bí ẹ kò bá rí" ni ó ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ó sọ búrọ́ọ̀ṣì di ọba, ó sì sọ ìyẹ́ adìyẹ di adelé tí ó ń ṣọ́ ààfin títí ọba yóò fi dé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìyẹ́ adìyẹ, igi ìgbálẹ̀, òòyà, kànrìnkàn àti ilá tí a dá sí méjì kì í ṣe adelé ẹnikẹ́ni. Irinṣẹ́ ni wọ́n. Olúkúlùkù wọn ni ó sì ní iṣẹ́ tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè bá a ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi èdè wa léèrè. Ọ̀kan pàtàkì lára àwọn iṣẹ́ ọnà tí ayé fi mọ Yorùbá lónìí ni adìrẹ. Báwo ni àwọn ìyá wa ṣe sọ ọ́ lórúkọ? A dì í, a rẹ ẹ́: ohun tí ọwọ́ ṣe sí aṣọ ni orúkọ náà ń sọ. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ ya ẹ̀yà rẹ̀ sọ́tọ̀ síra, ibo ni wọ́n ti wá orúkọ? Èyí tí a fi ìko dì ni wọ́n pè ní oníko. Èyí tí a fi abẹ́rẹ́ rán jọ kí a tó rẹ ẹ́ ni wọ́n pè ní alábẹ́rẹ́. Èyí tí a fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí lára ni wọ́n pè ní ẹlẹ́kọ. Ìko, abẹ́rẹ́, ẹ̀kọ: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ṣàjèjì sí agbo ilé. Àwọn ìyá wa kò tijú láti fi orúkọ oúnjẹ pe iṣẹ́ ọnà wọn. Àwa tí a kàwé ni ojú ń tì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí aṣọ funfun tí ó jọ̀lọ̀ láti òkè òkun pọ̀ lọ́jà, ni adìrẹ ẹlẹ́kọ fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín wa, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn sì ni ojúkò rẹ̀. Obìnrin tí ó ń ṣe é a ro láfún lórí iná, a fi álọ́ọ̀mù sí i, a sì jẹ́ kí ó tutù. Lẹ́yìn náà ni yóò ti ìyẹ́ adìyẹ bọ inú ẹ̀kọ náà, tí yóò máa fi ya ọnà sí ojú kan aṣọ. Bí ẹ̀kọ bá gbẹ, a ri aṣọ bọ aró; ibi tí ẹ̀kọ bò kò ní gba aró bí ìyókù, àwòrán á sì yọ. Àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta ní tiwọn gé ihò oníṣẹ́ ọnà sí ara páànù, wọ́n tẹ́ ẹ lé aṣọ, wọ́n sì fi ẹ̀kọ kùn ún. Irú páànù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe adìrẹ ìrántí ayẹyẹ ọdún kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí Ọba George Karùn-ún ti gorí ìtẹ́, ní 1935. Nínú adìrẹ Ìbàdàndùn, tí a fi ọwọ́ ya, àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíbí. Ṣíbí! Ohun tí a fi ń jẹun bá ilé ìjọba wọ inú àwòrán, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó jáde.

Ẹnìkan lè sọ pé aṣọ ni mo ń sọ, pé bébà ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń kùn. Ó dára, ọgbọ́n kan náà ni. Ẹ ro láfún kí ó ki, ẹ po osùn tàbí aró ẹní mọ́ ọn, ẹ fi omi ra bébà tí ó nípọn, kí ẹ sì tẹ́ ẹ̀kọ aláwọ̀ náà sí ojú rẹ̀. Ẹ wá wọ́ òòyà kọjá lórí rẹ̀. Eyín òòyà yóò ti ẹ̀kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú bébà yóò sì hàn láàárín bí poro oko. Bí ẹ bá ń mi ọwọ́ bí ẹ ti ń wọ́ ọ, ìlà náà á di ìgbì omi. Bí ó bá gbẹ, ẹ kó ìwé wúwo lé e kí ó má bàa ká jọ. Ó ti di bébà tí a lè fi bo ìwé, tí a lè gé ṣe káàdì, ìbòjú ọmọdé tàbí àpò ẹ̀bùn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àìní ni ó bí irú iṣẹ́ yìí. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn obìnrin ìjọ Moravian ní Herrnhut, ní ilẹ̀ Jámánì, ṣe irú bébà yìí gan-an, èyí tí àwọn adìwé fi ń bo ìwé. Búrọ́ọ̀ṣì kò wọ́n wọn. Òun ni wọ́n fi ń tẹ́ ẹ̀kọ aláwọ̀ sí ojú bébà. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé kí ọnà jáde, òòyà, ìka ọwọ́ àti òǹtẹ̀ ni wọ́n ń mú. Nítòsí wa níhìn-ín, àwọn Asante ní Ntonso, ní ilẹ̀ Gánà, ń gbẹ́ òǹtẹ̀ adinkra wọn láti ara igbá. Ta ni yóò sọ fún wọn pé adelé ni igbá, kí wọ́n mú sùúrù títí ohun tí ó dára jù ú lọ yóò fi dé?

Olùkọ́ èdè ni mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀-ìṣe ṣàlàyé ohun tí mo ń sọ. Búrọ́ọ̀ṣì ń kùn. Òòyà kì í kùn, wíwọ́ ni ó ń wọ́. Ilá tí a dá ní ìbú, tí a fi kan ọ̀dà, ń tẹ̀. Ihò inú rẹ̀ a sì fi ohun tí ó dà bí òdòdó sílẹ̀ lórí bébà, ti ilá kan kò sì jọ ti èkejì tán. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ògbólógbòó, tí a fi àtàǹpàkò ta irun rẹ̀, ń wọ́n. Bí a bá tẹ́ ewé sórí bébà kí ọ̀dà tó wọ́n sí i, òjìji ewé náà yóò funfun síbẹ̀ nígbà tí a bá ṣí i kúrò. Òwú tí a rì sínú ọ̀dà, tí a ká sí àárín bébà tí a ṣẹ́ po, tí a wá fà yọ, a fi ọnà méjì tí ó dojú kọ ara wọn bí ìbejì sílẹ̀. Kànrìnkàn tí a fún gbẹ díẹ̀, tí a sì ń fi kan bébà fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, a fi ojú ọ̀run tí ó ṣú hàn wá. Ìyẹ́ adìyẹ fúnra rẹ̀, irinṣẹ́ méjì ni: ṣóńṣó rẹ̀ ń fa ìlà tín-ín-rín, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń gbá ọ̀dà lọ bí atẹ́gùn. Ẹ fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì tí ó wọ́n jù lọ lọ́jà, n kò lè fi ṣe ohun tí ilá ṣe. Olùkọ́ tí ó mọ búrọ́ọ̀ṣì nìkan, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni ó mọ̀. Báwo ni yóò ṣe kọ́ ọmọ ní èdè?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n pè mí sí láti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, mo bá kíláàsì kan níbi tí wọ́n ti ń ṣe káàdì. Àwọn ọmọ bíi mélòó kan jókòó sẹ́yìn, wọ́n ká ọwọ́ gbera, nítorí pé òbí wọn kò ra búrọ́ọ̀ṣì. Adìyẹ ń jẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo bi olùkọ́ wọn léèrè ohun tí ó dé tí àwọn wọ̀nyí kò ṣe tiwọn. Ó dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ má bínú, sà, wọn kò ní irinṣẹ́ ni." Obìnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà ni ó ṣe ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ kọ́ ní ọjọ́ náà. Kò kọ́ bí a ṣe ń ṣe káàdì. Ó kọ́ pé kò sí irinṣẹ́ ní ilé àwọn. Ó kọ́ pé ọgbọ́n kò sí lọ́wọ́ ìyá òun, àyàfi bí ó bá lè ra ọgbọ́n lọ́jà. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé-ẹ̀kọ́ wa ń sọ fún ọmọ pé kó fi ẹ̀ṣọ́ ilé sílẹ̀ kó tó jáde.

Àwọn kan wà tí wọ́n rò pé àwọn àti èmi jọ wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan náà. Wọ́n ní kí a máa lo ohun inú ilé nítorí pé ó dín ìnáwó kù, pàápàá ní irú àkókò yìí tí ọwọ́ kò dilẹ̀. Mo mọ rírì inú rere wọn, ṣùgbọ́n n kò gba ìdí wọn. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí owó nìkan ni a fi mú ìyẹ́ adìyẹ, ọjọ́ tí owó bá dé ni ìyẹ́ adìyẹ yóò kú. Ohun tí a bá fi àìní gbé wọlé, ọrọ̀ ni yóò lé e jáde. Ọmọ aṣẹ́gità tí ó ń náání èèpo igi kò náání rẹ̀ nítorí pé kò rí wúrà. Ó mọ ohun tí èèpo igi wúlò fún ni.

Ẹni tí ó lè fi agbára takò mí ni ẹni tí ó bá rántí Àìná Ọnàbólú. Ọkùnrin ọmọ Ìjẹ̀bú yìí, tí wọ́n bí ní 1882, tí ó sì kú ní 1963, fi búrọ́ọ̀ṣì ya ojú àwọn ènìyàn ńlá Èkó ní àkókò tí àwọn aláwọ̀ funfun kan ń sọ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ọpọlọ aláwọ̀ dúdú lọ. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Paris, ó padà wálé ní 1922, ó sì gbé ẹ̀kọ́ àwòrán wọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Èkó. Fún un, búrọ́ọ̀ṣì jẹ́ idà tí ó fi ja ìjà iyì. Mo kí i, mo sì dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọnàbólú ti borí nínú ìjà náà. Kò sí ẹni tí ó tún ń bi wá lónìí bóyá a lè fi búrọ́ọ̀ṣì yàwòrán. Ìbéèrè ti àkókò wa yàtọ̀: ǹjẹ́ a ṣì mọ ohunkóhun yàtọ̀ sí i? N kò ní kí a dáná sun búrọ́ọ̀ṣì. Bí iṣẹ́ bá fẹ́ kíkùn, ẹ gbé e wá. Ìtẹ́ ni mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀, kó wá jókòó sórí ẹní pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ mi yóò ti rí ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Ohun tí a ṣe sí ìyẹ́ adìyẹ ni a ti ń ṣe sí èdè Yorùbá láti ọjọ́ yìí wá. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́, tí ó jáde ní 1977, gba èdè abínibí láàyè ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ní kí èdè Gẹ̀ẹ́sì gbà á lẹ́yìn náà: adelé ni wọ́n fi Yorùbá ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni láti 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn. Ní 2022, ìjọba ní kí èdè abínibí gba gbogbo ọdún mẹ́fà náà. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Ẹni tí ó bá gbà pé ohun ilé kò ju ohun ìdúródeni lọ, kò sí bí kò ṣe ní tètè sú u.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ kò pọ̀, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀. Ẹ yọ "bí ẹ kò bá rí" kúrò nínú ọ̀rọ̀ yín. Ẹ sọ pé, "Lónìí, ìyẹ́ adìyẹ ni a óò lò." Kí ọmọ olówó tí ó kó búrọ́ọ̀ṣì mẹ́fà wá kó wọn pa mọ́ sínú àpò, kí òun náà wá ìyẹ́ tirẹ̀. Ẹ kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀-ìṣe irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: wọ́, tẹ̀, wọ́n, fà, kùn. Ẹ ní kí wọ́n bi ìyá àgbà wọn léèrè bí wọ́n ṣe ń ro ẹ̀kọ aṣọ, kí wọ́n sì mú ìdáhùn wá sí kíláàsì. Kí ẹ sì fún ìyẹ́ ní máàkì kan náà tí ẹ ń fún búrọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí ẹ bá ṣe èyí ni n óò gbà pé iṣẹ́ ọnà ni ẹ ń kọ́ wọn, kì í ṣe ọjà rírà.