Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá mú ẹnìkan ní Ìyànsàn, ìjà ẹbí kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì, ẹ̀gbọ́n ní ọ̀dọ̀ babaláwo ni, àbúrò tó kàwé ní ọsibítù ni. Títí wọn yóò fi parí àríyànjiyàn, àìsàn ti wọ ara. Àwọn àgbà ti rí irú èyí kí wọ́n tó ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àwọn onímọ̀ tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu wo ọkàn sàn pàápàá kò gba ọ̀nà kan. Sigmund Freud ní Vienna wá ìdí ìdààmú lọ sínú ohun tó ti ṣẹlẹ̀ séèyàn láti kékeré. Carl Rogers ní Amẹ́ríkà ní kí olùtọ́jú fetí sílẹ̀, kó má dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́jọ́. Aaron Beck kọ́ ọ̀nà Freud, ṣùgbọ́n ó yà kúrò níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Èrò tí èèyàn ń rò lónìí ló ń yẹ̀ wò. Ẹni tó bá ní òun kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, Beck á ní kó mú ẹ̀rí wá. Ṣáájú Beck, lọ́dún 1936, ni onímọ̀ ọkàn Saul Rosenzweig ti sọ pé ohun tó pa oríṣiríṣi ọ̀nà ìwòsàn ọkàn pọ̀ lè jẹ́ ohun tó ń woni sàn. Ìwádìí lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé ìfọkàntán láàárín aláìsàn àti olùtọ́jú wà lára rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, dókítà àìsàn ọpọlọ, lo ọgbọ́n òwe yìí nílẹ̀ wa. Ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ìbátan wọn lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ń gba oògùn òyìnbó, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ń bá Lámbò ṣiṣẹ́. Ní Harare pẹ̀lú, àwọn ìyá àgbà tí Dókítà Dixon Chibanda kọ́ níṣẹ́ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń bá aláìsàn wá ojútùú sí ìṣòro rẹ̀. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2016 fi hàn pé ara àwọn tí wọ́n tọ́jú yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n òwe yìí kò ní gbogbo ọ̀nà ló wọ ọjà. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, pàṣán àti ebi kì í ṣe ìtọ́jú, ibi yòówù tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó bá ní ká sọ oògùn dókítà nù kò fẹ́ kí aláìsàn délé.

Ẹ̀yin ará Ìyànsàn, bí oorun bá dá lójú èèyàn yín, tí kò gbádùn oúnjẹ, tí kò sì bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má dúró jà. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba l'Ókìtìpupa. Bó bá sì sọ pé ikú ló wu òun, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan.