Èyí Tó Bọ́ Sílẹ̀ Ni Kí Ẹ Ṣà

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé ní gúúsù Florida, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ẹ̀ ń kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí Fruit & Spice Park ní Redland, lẹ́bàá Homestead, ẹ̀ ń ya fọ́tò, ẹ̀ ń yọ̀. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n òfin tí kò ṣòro rárá lẹ̀ ń tẹ̀ lójú níbẹ̀: ẹ má já èso lórí igi, èyí tó bá bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ṣà tọ́ wò.

Mo fi ojú ara mi rí bàbá kan tó gbé ọmọkùnrin rẹ̀ lé èjìká lábẹ́ igi máńgòrò. Yorùbá ló fi ń sọ fún un pé, "Já a kíá, wọn ò tíì rí wa." Nígbà tí òṣìṣẹ́ ọgbà dé, tó fi pẹ̀lẹ́tù bá a sọ̀rọ̀, bàbá náà ní òun ti sanwó ìwọlé. Háà! Owó ìwọlé sọ yín di àlejò, kò sọ yín di olóko. Ta ni nínú yín tó lè wọ oko olóko nílé, kó máa já ọsàn rẹ̀, kó ní ṣebí òun ti kí i lẹ́nu ọ̀nà?

Ẹ má sì rò pé igbó lásán ni. Ọdún 1944 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀; orúkọ Mary Heinlein, obìnrin tó ṣe gudugudu méje níbi ìdásílẹ̀ rẹ̀, ṣì wà lára orúkọ ọgbà náà dòní. Éékà 37 ni ilẹ̀ rẹ̀, oríṣi igi eléso àti èròjà ọbẹ̀ tó wà níbẹ̀ sì lé ní 500. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: igi mélòó ni yóò kan oríṣi kan? Bí ẹ bá já ti orí igi kan tán lónìí, ẹni tó wakọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá wò ó lọ́la á bá ẹ̀ka òfìfo. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1992, ìjì Andrew jà ní agbègbè náà, ó wó igi lulẹ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn èèyàn ibẹ̀ tún gbìn, wọ́n tún tọ́jú. Ṣé làálàá wọn lẹ fẹ́ fi ojúkòkòrò bàjẹ́?

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé òfin yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ta ni kò mọ iṣin? Bí èèpo iṣin pupa bí ó ti wù kó pupa, tí kò bá tíì la ẹnu fúnra rẹ̀ lórí igi kí kóró dúdú inú rẹ̀ yọjú, àgbà kì í jẹ́ kí ọmọdé fi kan ẹnu. Májèlé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní hypoglycin wà nínú rẹ̀. Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ẹni tó jẹ ẹ́ á máa bì, ó sì lè gbabẹ̀ kú. Iṣin yìí kan náà ló ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dé Jàmáíkà ní 1778, tó di èso orílẹ̀-èdè wọn. Nítorí májèlé rẹ̀, Amẹ́ríkà kò gba iṣin inú agolo wọlé láti 1973 títí di 2000. Igi rẹ̀ ń so ní gúúsù Florida tí ẹ wà. Ọmọ tí ẹ kọ́ láti máa já ohun tí kò tíì tó já, ọjọ́ tó bá dé ìdí iṣin ńkọ́? Àwọn bàbá wa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀mí ọmọ wà lára ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹ jáwọ́. Bí ẹ bá tún lọ, ẹ fi ọ̀rá sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ṣa èyí tó wà nílẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ bi òṣìṣẹ́ kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Wọ́n máa ń gé èso fún àlejò. Ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ dúpẹ́. Ẹ fi píà, ìbẹ́pẹ, atalẹ̀ àti iṣin han ọmọ yín, kí ẹ pe orúkọ wọn fún un bí ìyá yín ṣe pè é fún yín.

Àti ìwọ bàbá tí mo rí lábẹ́ igi máńgòrò: mú ọmọ yẹn padà lọ bá òṣìṣẹ́ náà, kí o tọrọ àforíjì lójú ọmọ náà. Ẹ̀kọ́ tí o bàjẹ́ níbẹ̀, níbẹ̀ ni kí o ti tún un ṣe.