Ìwádìí ìlera: kí wọ́n kọ́kọ́ bi wá bí wọn yóò ṣe bèèrè

Ẹ̀yin ará wa ní Parakou, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Láti ọdún 1996 ni ìjọba Benin ti ń ṣe ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní EDSB. Nínú ti 2017 sí 2018, obìnrin 15,928 àti ọkùnrin 7,595 ni wọ́n bi léèrè. Iṣẹ́ tó dára ni. Òun ló ń jẹ́ kí a mọ iye ọmọ tó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹrù tí wọ́n gbé ka ìyá ọlọ́mọ lórí. Wọ́n á bi í nípa gbogbo ọmọ tó bí, ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tó wà láàyè, èyí tó kú, ìgbà tó kú. Wọ́n á bèèrè ibà, ìgbẹ́ gbuuru, abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n á gún ọmọ níka láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọjà Arzèkè ń dúró dè é, ìkòkò wà lórí iná. Ta ló bi í bóyá àárọ̀ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn tàbí alẹ́?

Àárẹ̀ yìí ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, àwọn onímọ̀ ti rí i pé àwọn tó ń bèèrè a máa fi ọdún kún ọjọ́ orí ọmọ, kó lè ju ọdún márùn-ún lọ, nítorí ìbéèrè nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kéré. Ẹ má dá wọn nìkan lẹ́bi. Ẹni tó kọ ìwé gígùn náà ló jẹ̀bi jù.

Ní oṣù kejì ọdún 2025, Amẹ́ríkà dá ètò DHS tó ń ran ìwádìí yìí lọ́wọ́ dúró. Àdánù ni, a kò ní sẹ́ ẹ. Àmọ́ kí àwọn ará Cotonou tó kọ ìwé mìíràn, kí wọ́n gbé ìbéèrè wọn wá síbí. Kí wọ́n kà á ní Baatonum, Dendi, Fúlàní àti Yorùbá, níwájú àwọn agbẹ̀bí, àwọn ìyálọ́jà àti àwọn olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó máa lo ìdáhùn rẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́. Èdè Faransé ni wọ́n fi tẹ àbájáde ti 2018. Kí wọ́n tẹ èyí tó ń bọ̀ ní èdè tí àwa náà lè kà.

Títí dìgbà náà, bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ bèèrè bí yóò ti pẹ́ tó kí ẹ tó jókòó. Ẹ lè ní kí wọ́n padà wá lálẹ́. Ìbéèrè tí ẹ kò bá fẹ́ dáhùn, ẹ sọ pé ẹ kò fẹ́. Ẹ̀tọ́ yín ni.