Wọ́n Ń Jẹun Yó, Síbẹ̀ Wọ́n Ń Rù: Ẹ Yẹ Ọrùn Wò Kẹ́ Ẹ Tó Pariwo Ayé

Tí èèyàn bá rù lójijì nílùú yìí, kó tó débi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àwọn aládùúgbò ti yẹ tiwọn wò tán, wọ́n sì ti gbé èsì jáde. Àwọn kan á ní éèdì ni, ni wọ́n á bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ọkùnrin tó ti bá a rìn. Àwọn mì-ín á ní ìyá ọkọ ẹ̀ ló ń mu ún lẹ́jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ojú ẹ̀ tún yọ síta, tọ́wọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n tó bá fẹ́ ka owó, wọ́n á ní igbó ló ń fà. Àwọn àgbà ló ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn-ún gbọ́, àmọ́ ó ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa wá oògùn kiri níbi tí oògùn ò sí.

Àìsàn kan wà tó máa ń kó gbogbo nǹkan tá a kà sílẹ̀ yìí báni, òun la sì fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Inú ọrùn ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Nísàlẹ̀ gògóńgò, níwájú ọrùn, ẹran kékeré kan wà níbẹ̀ tó dà bíi labalábá tó na apá méjèèjì. Tàírọ́ọ̀dì làwọn dókítà ń pè é. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti máa da oje kan sínú ẹ̀jẹ̀, oje yìí ló ń sọ fún ara bó ṣe máa yára ṣiṣẹ́ tó. Ẹ fi wé ẹsẹ̀ tí dẹ́rẹ́bà fi ń tẹ ọkọ̀ kó lè sáré. Tó bá tẹ̀ ẹ́ níwọ̀nba, ọkọ̀ á máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Àmọ́ tí ẹsẹ̀ yẹn bá há síbẹ̀, tí kò gbéra mọ́, ẹ́ńjìnnì á máa ké, epo á máa tán, ọkọ̀ á sì máa gbóná, kódà kó jẹ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì lẹ dúró sí. Bí tàírọ́ọ̀dì tó ń ṣiṣẹ́ àṣejù ṣe ń ṣe ara èèyàn gan-an nìyẹn.

Àwọn àmì ẹ̀ rèé o, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọkàn á máa lù kìkìkì bíi pé èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé, bẹ́ẹ̀ orí àga ló jókòó sí. Á máa jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ á máa rù, aṣọ á máa yẹ̀ lára ẹ̀. Ooru á máa mú un nígbà táwọn tó kù ń da aṣọ bora, òógùn á bò ó. Ọwọ́ á máa gbọ̀n rìrì. Oorun ò ní í wá. Inú á máa yára bí i, á sì máa bẹ̀rù láìsí ohun tó ń lé e. Á máa lọ yàgbẹ́ lemọ́lemọ́. Nǹkan oṣù obìnrin lè dín kù tàbí kó máa fo oṣù. Itan á rẹ̀ ẹ́, gígun àtẹ̀gùn á wá dogun. Fún àwọn kan, iwájú ọrùn á wú, ìyẹn gẹ̀gẹ̀, ojú á sì yọ síta bíi ti ẹni tẹ́rù bà. Gbogbo ẹ̀ lè máà pé sára ẹnì kan o, mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ẹ̀ tó láti gbé èèyàn lọ sọ́sibítù.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Balógun. Ọdún kan sẹ́yìn, ara ẹ̀ dá ṣáṣá. Ní báyìí, ó ti rù, ó ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ, kì í sùn lóru, fáànù ló ń wá kiri nígbà tí ọkọ ẹ̀ ń wá bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ ní ìyàwó òun ti yí padà, àfàìmọ̀ kó má ní ẹlòmíì níta. Àwọn àbúrò ọkọ ní kó lọ jẹ́wọ́. Wọ́n mú un lọ síbi àdúrà, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ adáhunṣe, wọ́n tiẹ̀ sín gbẹ́rẹ́ sí i lọ́rùn. Owó ọjà ti lọ, ìfẹ́ inú ilé ti ń tutù. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n máa fà lápá ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ì bá ti tú àṣírí gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó jẹ́ kí àìsàn yìí burú nìyẹn: ó máa ń ba ìwà èèyàn jẹ́ lójú àwọn ẹlòmíì kẹ́nikẹ́ni tó mọ̀ pé ara ni ò yá.

Kí ló ń fà á? Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Graves, orúkọ dókítà ọmọ Ireland kan tó kọ̀wé nípa ẹ̀ lọ́dún 1835. Àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa gbèjà ara ló ṣèèṣì doju kọ tàírọ́ọ̀dì, tí wọ́n ń tì í pé kó ṣáà máa ṣiṣẹ́. Gẹ̀gẹ̀ tó ní kókó nínú tó ti pẹ́ lọ́rùn náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í da oje jù. Àwọn obìnrin kan sì máa ń ní in láàárín ọdún tí wọ́n bímọ, tiwọn máa ń lọ fúnra ẹ̀ nígbà mì-ín. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù lára àwọn tó ń ṣe, àmọ́ kò yọ ọkùnrin sílẹ̀. Kì í ràn o. Ẹ lè jẹun nínú abọ́ kan náà, kò séwu.

Kì í sì í ṣe àìsàn tálákà. Lóṣù karùn-ún ọdún 1991, George Bush tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn ń sáré ìdárayá lọ́wọ́ ni ọkàn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège. Wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, Graves yìí náà ni. Ẹ wá wò ó, Barbara ìyàwó ẹ̀ ti ní in ṣáájú ẹ̀. Wọ́n tọ́jú àwọn méjèèjì, ọdún 2018 ni wọ́n tó jáde láyé, àwọn méjèèjì sì ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún.

Ti Gail Devers, obìnrin sáré-sáré ilẹ̀ Amẹ́ríkà nì, tún wá yani lẹ́nu. Lẹ́yìn Òlíńpíìkì ọdún 1988, ara ẹ̀ ò yá, ó ju ọdún méjì lọ kí wọ́n tó mọ̀ pé Graves ni. Lọ́dún 1991, ẹsẹ̀ ẹ̀ bà jẹ́ débi pé ọ̀rọ̀ gígé ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní Barcelona, obìnrin yìí kan náà ló gba wúrà eré ìdíje 100 mítà. Mary Onyali tiwa náà wà nínú eré àṣekágbá yẹn. Nígbà tó di Atlanta lọ́dún 1996, Devers tún gbà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó bá sọ fún yín pé àìsàn yìí ti pa iṣẹ́ yín rẹ́, ẹ sọ ìtàn yìí fún un.

Ọ̀nà wo lèèyàn máa gbà? Ẹ lọ sí jẹ́nẹ́rà tó sún mọ́ yín, ẹ to gbogbo ohun tó ń ṣe yín fún dókítà, ẹ má fi ìkankan pa mọ́, títí kan ti nǹkan oṣù àti ti ìbínú. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fi yẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n ń pè ní TSH, pẹ̀lú T4 àti T3. Tí TSH bá lọ sílẹ̀ gan-an, tí T4 tàbí T3 sì lọ sókè, àṣírí ti tú. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ ya àwòrán ọrùn, kẹ́ ẹ sì lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo bí ọkàn ṣe ń lù. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ń lo oògùn tó ń jẹ́ kí irun àti èékánná dàgbà, ẹ gbọ́ o: biotin tó wà nínú ẹ̀ máa ń jẹ́ kí àyẹ̀wò yìí parọ́. Ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Tọ́rọ̀ bá ju ti jẹ́nẹ́rà lọ, wọ́n á kọ̀wé fún yín lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ jù ní LUTH, LASUTH, UCH n'Íbàdàn tàbí ọ́sibítù Yunifásítì Ifẹ̀. Tí ilé iṣẹ́ yín bá forúkọ yín sílẹ̀ fún ìtọ́jú NHIA, ẹ béèrè èyí tí wọ́n á bá yín san níbẹ̀.

Ìtọ́jú ẹ̀ pín sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni oògùn oníhóró, carbimazole ni wọ́n sábà máa ń lò. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì lò ó fún oṣù méjìlá sí méjìdínlógún. Wọ́n lè fi propranolol kún un láti fi dẹ ọkàn àti ọwọ́ tó ń gbọ̀n lára, àmọ́ ìyẹn kì í wo àìsàn náà, ẹni tó bá sì ní ikọ́ fée ò gbọ́dọ̀ lò ó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú rèé: lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ara á ti yá, ẹ̀kẹ́ á ti kún, ni wọ́n á bá ju oògùn nù. Kí ló máa ṣẹlẹ̀? Àìsàn á tún padà wá, ó sì lè fagídí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà nìkan ló lè ní kẹ́ ẹ dá a dúró, àyàfi ọ̀nà kan: tí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dùn yín tí ibà sì dé nígbà tẹ́ ẹ ń lo carbimazole, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ sì gba ọ́sibítù lọ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ yín, torí ó lè ti ba ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe o, àmọ́ ẹni tó bá ṣe ò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀.

Èkejì ni iodine tó ní ìtànṣán. Wọ́n á fún yín gbé mì, á lọ bá tàírọ́ọ̀dì, á sì pa èyí tó ń ṣe àṣejù níbẹ̀. Aláboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ò gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ abẹ, pàápàá tí gẹ̀gẹ̀ bá tóbi tó ń fún ọ̀fun. Lẹ́yìn méjèèjì yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn á máa lo hóró oògùn kan lójúmọ́ títí ayé láti fi rọ́pò oje tí kò sí mọ́. Ìyẹn ò burú, bí ẹni ń fọ eyín láàárọ̀ ni. Obìnrin tó bá lóyún tàbí tó ń wá oyún, ẹ tètè sọ fún dókítà, torí ó lè pààrọ̀ oògùn yín.

Kára tó balẹ̀ ńkọ́? Ẹ dín tíì, kọfí, obì àti àwọn ohun mímu tó ń lé oorun lọ kù, gbogbo ẹ̀ ló ń na ọkàn lẹ́gba. Ẹ wọ aṣọ òwú tó fẹ́lẹ́, ẹ wẹ̀ dáadáa, ẹ mu omi. Ẹ jẹun kánú, ẹ fi ẹja, ẹyin àti wàrà sí i, torí àìsàn yìí ń jẹ egungun. Iyọ̀ tá à ń jẹ lójoojúmọ́ tó ní iodine ò ṣe nǹkan kan, àmọ́ ẹ má lọ ra iodine inú ìgò tàbí èròjà inú omi òkun mu nítorí gẹ̀gẹ̀, ó lè dá kún un. Ẹni tójú ẹ̀ ń yọ, kó lo awò dúdú, kó gbé ìrọ̀rí sókè tó bá fẹ́ sùn, kó sì jáwọ́ nínú sìgá pátápátá, torí sìgá ló ń ba ojú yẹn jẹ́ jù. Níbi iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀. Télọ̀ tọ́wọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n tí kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ.

Tí ibà líle bá gbé èèyàn, tó ń bì, tí ọkàn ń sáré àsápajúdé, tó wá ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má gbé e lọ síbòmíì, ọ́sibítù ni tààrà, kódà kó jẹ́ ààjìn òru. Tí ojú bá ṣàdédé ń dùn tàbí tí kò ríran dáadáa mọ́, bákan náà ni.

Àdúrà ò burú, kálukú ló ní ìgbàgbọ́ tiẹ̀. Àmọ́ kí àdúrà bá oògùn rìn. Lálẹ́ òní, ẹ pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń rù tẹ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn yẹn. Ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi ìka méjì sọ́rùn ọwọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ ka bó ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan. Tó bá kọjá ọgọ́rùn-ún, ẹ jọ lọ rí dókítà lọ́la. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.